Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: Ẹ̀dọ̀ tó máa ṣẹ́kù ni dókítà ń wò

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ìgbà tí mo ti dáhùn ìbéèrè kan lórí ibà pọ́njú lóṣù tó kọjá ni mẹ́sééjì ti ń wọlé, láti Ìjẹ̀bú-Igbó, Ṣàgámù, Ìpẹru, gbogbo ẹ̀ ló dá lórí ẹ̀dọ̀, ó sì jọ pé ohun kan náà ló ń da gbogbo yín láàmú: ṣé iṣẹ́ abẹ lè yanjú ẹ̀, àbí iṣẹ́ abẹ gan-an ló ń pa wọ́n? Wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé mi kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ yìí sì ti wọ ilé tèmi náà, ẹ máa kà á níwájú. Ẹ̀dọ̀ ni mò ń sọ o, kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró tá a fi ń mí, torí mo rí i pé ẹni méjì nínú àwọn tó kọ̀wé ń pa méjèèjì pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe sọ́mìlì, ẹni ọdún 43, wọ́n rí kókó nínú ẹ̀dọ̀ wọn, jẹjẹrẹ ni wọ́n pè é, wọ́n ní ó tó sẹ̀ǹtímítà 6. Ọsibítù ńlá tá a gbé wọn lọ ní àwọn ò lè gé e. Bẹ́ẹ̀ ẹnì kan wà ládùúgbò wa tó jẹ́ pé kókó tiẹ̀ jùyẹn lọ, wọ́n gé e, ó ń rìn kiri. Ṣé torí pé a ò lówó ni? Ìyàwó wọn ti rí ibì kan tí wọ́n ní àwọn á gé e lọ́sẹ̀ yìí, ó fẹ́ gbé wọn lọ.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kú ìrọ́jú. Fi ẹ̀dọ̀ lórí òróǹro ná, jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ìbéèrè tìẹ yìí ló bí gbogbo ìyókù.

Nígbà Iléyá, wàá ti dúró ti alápatà rí níbi tó ti ń la àgbò. Ẹ̀dọ̀ tó dáa máa ń dán, ó máa ń rọ̀, tó o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ á tẹ̀, ọ̀bẹ á wọ inú ẹ̀ wẹ́rẹ́. Àmọ́ nígbà míì wọ́n á fa ẹ̀dọ̀ kan jáde tó ti le gbagidi, tí ara ẹ̀ rí kókókókó bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́, alápatà ò tiẹ̀ ní bi ẹnikẹ́ni kó tó jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹ̀dọ̀ ẹni tó ti gbé hẹpatáítìsì B, kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, kiri fún ọgbọ̀n ọdún láìmọ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn, tàbí ti ẹni tó ti ń fi ògógóró àti páràgà jí láràárọ̀. Àpá ló ti bo ibẹ̀ dípò ẹran. Cirrhosis làwọn dókítà ń pè é. Lọ́dọ̀ wa níbí, orí irú ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ sábà máa ń hù lé.

Kókó yẹn lọ́tọ̀, ẹ̀dọ̀ tí kókó náà jókòó sí lọ́tọ̀. Tí dókítà bá fẹ́ gé kókó, kò ní gé kókó nìkan, ó gbọ́dọ̀ gé díẹ̀ mọ́ ọn nínú ẹ̀dọ̀ tó yí i ká, ohun tó sì máa ṣẹ́kù ló máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, òun ló máa fọ ẹ̀jẹ̀, òun ló máa ṣe èròjà tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì kí ojú ọgbẹ́ má máa ṣẹ̀jẹ̀, òun ló máa ṣe òróǹro, kò sí ìsinmi. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ rọ̀, tára ẹ̀ dá, èèyàn lè gé e títí tó fi máa ku nǹkan bí ìdá 25 tàbí 30 nínú 100, yóò yè é, èyí tó kù á tún dàgbà. Ẹ̀dọ̀ tó ti le ńkọ́, bó bá tiẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó kéré tán ìdá 40 nínú 100 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Tó bá ti wá rẹ ẹ̀dọ̀ náà, kò sí iye tó o fẹ́ ṣẹ́ kù tó máa tó.

Mo ti rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá gé e pẹ̀lú agídí. Wọ́n á gbé aláìsàn jáde ní tíátà, gbogbo ẹbí á máa dúpẹ́, ó tiẹ̀ lè bèèrè omi lọ́jọ́ kejì. Tó bá di ọjọ́ kẹrin, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bíi àtalẹ̀ pupa, ikùn á máa wú, á máa pe ìyàwó ẹ̀ lórúkọ ìyá ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú irú wọn kú, mo ṣí báńdéèjì, ojú ọgbẹ́ ti jinná, kò sí ọyún, okùn tí wọ́n fi rán an mọ́ rekete. Ọgbẹ́ jinná lára òkú. Mi ò gbàgbé ẹ̀ títí dòní.

Torí náà ẹni àdúgbò yín tí kókó tiẹ̀ tóbi jù yẹn, ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ tó yí i ká ló rọ̀, tàbí kó jẹ́ pé ibi tí kókó wà ló rọrùn. Kì í ṣe owó nìkan ló ya ẹ̀yin méjèèjì sọ́tọ̀.

Nǹkan tí mo fẹ́ kó o ṣe rèé. Padà lọ bá àwọn dókítà yẹn, béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, A ni ẹ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, B ni, àbí C?" Wọ́n á mọ ohun tó ò ń sọ. Nǹkan márùn-ún ni wọ́n fi ń pín in: bí èròjà tó ń mú kí ojú pọ́n ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, bí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní albumin ṣe wà, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára dì, bóyá omi wà nínú ikùn, àti bóyá iyè ẹni náà jí pépé. A ni wọ́n máa ń gé jù, B ní àǹfààní díẹ̀ tọ́wọ́ bá mọ̀ ọ́n, C ò yẹ kí ẹnikẹ́ni gé nínú ẹ̀dọ̀ ẹ̀. Kó o tún béèrè bóyá kókó náà ti wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń wọ ẹ̀dọ̀, torí ìyẹn náà ń yí nǹkan padà.

Wọn ò lè gé e, ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ kánjú sọ̀rètí nù. Kókó tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, wọ́n lè ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, kí wọ́n fi iná jó o láti inú. Ti ẹ̀gbọ́n ẹ ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ wọ́n lè gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ gbé oògùn lọ bá a kí wọ́n sì dí ọ̀nà tó ń gbà jẹun, ó lè sún kì. Oògùn oníhóró náà wà. Wọ́n tún máa ń dí ẹ̀jẹ̀ apá kan ẹ̀dọ̀ lójú ọ̀nà kí apá kejì lè dàgbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó gé, ṣó o rí i pé ẹ̀dọ̀ tó máa ṣẹ́kù náà ṣì ni wọ́n ń wá. Pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ńkọ́? Láti 1996 ni òfin kan ti wà lórí ẹni tí wọ́n lè pààrọ̀ ẹ̀ fún, tí àwọn dókítà ní Milan, nílẹ̀ Ítálì, gbé kalẹ̀: kókó kan ṣoṣo tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tàbí kókó mẹ́ta tí ìkankan nínú wọn ò ju 3 lọ, tí kò sì tíì wọ iṣan ẹ̀jẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n ẹ fi díẹ̀ jù ú, tí wọ́n bá lè mú un sún kì, ọ̀rọ̀ lè yí padà. Béèrè.

Ibi tí wọ́n ní àwọn á gé e lọ́sẹ̀ yìí, mo fi Ọlọ́run bẹ ìyàwó wọn, kó má gbé wọn lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tó lítà kan àtààbọ̀. Láti 1908 ni dókítà kan ní Glasgow, Pringle, ti fi han gbogbo ayé bí èèyàn ṣe lè fún ẹnu ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ náà mọ́wọ́ kí wọ́n lè ríbi ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ̀dọ̀ tó ti le kì í lè fara da ìfúnpọ̀ yẹn pẹ́. Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́ ni. Ẹni tó bá ní òun á gé e lọ́sẹ̀ yìí láìbéèrè ẹyọ kan nínú nǹkan márùn-ún tí mo kà sílẹ̀ yẹn, ẹ sá fún un.

Àwọn tí wọ́n bá tètè rí kókó tiwọn nígbà tí ẹ̀dọ̀ ṣì lágbára, tí wọ́n gé e, nínú 100 wọn nǹkan bí 60 sí 70 ló máa ń wà láyé lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ó tún máa ń padà hù lára ọ̀pọ̀ wọn, ìdí nìyẹn tí sìkáànù olóṣooṣù mẹ́ta sí mẹ́fà fi jẹ́ dandan. Ìwọ fúnra ẹ, àti gbogbo ọmọ tí ìyá yín bí, àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ, ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì hẹpatáítìsì B lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀jẹ̀ orí ìka lásán ni, kì í tó ìṣẹ́jú 20.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta Màmá. Ọmọ ọdún 24 ni mí, ní Ìpẹru Rẹ́mọ. Ẹ̀dọ̀ bàbá mi ti bàjẹ́, wọ́n ní àfi kí wọ́n lọ pààrọ̀ ẹ̀ ní Íńdíà, ẹbí sì ti ń tu owó jọ. Mo fẹ́ fún bàbá mi nínú tèmi. Màmá mi fẹkún bọnu, wọ́n ní àwọn ò lè sin ọkọ kí àwọn tún sin ọmọ. Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ̀dọ̀ máa ń hù padà?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, bàbá ẹ bímọ. Òótọ́ ni, ó máa ń dàgbà padà. Tí àgbà bá fún àgbà bíi tiẹ̀, apá ọ̀tún ni wọ́n sábà máa ń gé, ó lè tó ìdá 60 nínú 100, èyí tó kù nínú ẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó bá fi máa tó oṣù mẹ́ta á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kì í hu apá tí wọ́n gé yẹn padà bí ìka o, èyí tó ṣẹ́kù ló ń sanra láti dí àyè.

Iṣẹ́ yìí ti rìn jìnnà. Lọ́dún 1963 ni Thomas Starzl kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀ ní Denver, lórí ọmọ ọdún mẹ́ta kan, ọmọ náà kú sórí tábìlì. Ọdún 1967 ló tó ṣe ọ̀kan tó lò ju ọdún kan lọ. Ẹ̀dọ̀ òkú ni gbogbo ìyẹn. Ọdún 1989 ni wọ́n tó ṣàṣeyọrí láti gé nínú ẹ̀dọ̀ ìyá tó wà láàyè fún ọmọ ẹ̀, ní Ọsirélíà, lẹ́yìn ìyẹn ní Chicago. Lónìí, tí gbogbo nǹkan bá bọ́ sí i, nínú èèyàn 100 tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún, nǹkan bí 90 ló ń pé ọdún kan, bí 70 sí 75 sì ń pé ọdún márùn-ún. Tá a bá fi wé ohun tó ń dúró de bàbá ẹ láìṣe é, kò ṣeé fi wéra.

Àmọ́ ẹ̀rù tó ń ba màmá ẹ kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀, mi ò sì ní pa á mọ́ ẹ lójú. Nínú àwọn 1,000 tó bá fún èèyàn lẹ́dọ̀, ẹnì kan sí márùn-ún máa ń kú. Bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló ń ní ìṣòro kan tàbí òmíì lẹ́yìn ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù á lọ: òróǹro tó ń jò, ibà, ojú ọgbẹ́ tí kò tètè jinná. Wàá lò tó ọ̀sẹ̀ kan lórí bẹ́ẹ̀dì, o ò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù wúwo fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Àpá náà á gùn, ó máa wà níbẹ̀ títí ayé.

Kí wọ́n tó gbà ọ́ pàápàá, wọ́n á yẹ̀ ọ́ wò dórí èékánná. Ẹ̀jẹ̀ yín gbọ́dọ̀ bára mu, ọ̀rá ò gbọ́dọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀ ẹ, wọ́n á wọn ẹ̀dọ̀ ẹ nínú sìkáànù láti mọ iye tó máa kù sí ẹ nínú, kì í ṣe èyí tó máa bọ́ sí bàbá ẹ nìkan, o ò sì gbọ́dọ̀ ní hẹpatáítìsì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan èmi nìyí.

Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, àárẹ̀ mú un, ó ń rù, ọsibítù àkọ́kọ́ tó lọ ń fún un lóògùn ibà fún oṣù mẹ́rin, ẹnikẹ́ni ò yẹ ẹ̀dọ̀ wò. Èmi náà tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, ibà ni mo pè é. Ìgbà tí ikùn ẹ̀ wú la tó mọ̀. A jẹ́ mẹ́ta tá a ní a máa fún un, a lọ ṣe àyẹ̀wò, ọmọbìnrin tó ń ṣe tẹ́ẹ̀sì náà pè wá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa méjì la ní hẹpatáítìsì B, èmi wà nínú ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá wa la ti gbé e wá nígbà ìbí, obìnrin náà ò sì mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ títí wọ́n fi kú. Ẹ̀kẹta wa, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò bá a mu. Àbúrò mi ò dé tíátà. Láti ìgbà yẹn, tí wọ́n bá ti ka ìròyìn aago mẹ́sàn-án tán lórí rédíò ni mò ń lo tenofovir mi, oògùn tó ń dá kòkòrò náà dúró, hóró kan, pẹ̀lú omi, kò tíì sí alẹ́ kan tí mo fò ó. Ẹ̀dọ̀ mi ṣì rọ̀. Ìwádìí tí ìjọba ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè yìí lọ́dún 2018 rí i pé nínú èèyàn 100, láti ọmọ ọdún 15 dé 64, ó ju 8 lọ tó ní kòkòrò yìí nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ̀. Torí náà kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú, lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì yìí níbí.

Mú màmá ẹ dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, jẹ́ kí wọ́n fetí ara wọn gbọ́ iye tí mo kọ sókè yẹn. Kó o sì mọ èyí: ìgbàkigbà kó tó di pé wọ́n mú ẹ sùn lórí tábìlì lo lè sọ pé rárá. Sọ ọ́ fún dókítà níkọ̀kọ̀, wọ́n á kàn sọ fún ẹbí pé o ò yẹ, wọn ò ní tú àṣírí ẹ. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ fi owó ra ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o, òfin ìlera ilẹ̀ wa ti 2014 lòdì sí i, òfin Íńdíà ti 1994 náà lòdì sí i, wọ́n á béèrè ìwé tó fi hàn pé ọmọ bàbá ẹ ni ẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, èmi tí mò ń ta obì ní Ṣàgámù ni. Omi ló wà nínú ikùn ọkọ mi láti ara ẹ̀dọ̀, wọ́n ti fà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdodo wọn wá yọ síta báyìí bí àgbálùmọ̀. Ọkùnrin kan tó ní kílíníìkì lẹ́yìnkùlé wa ní ìpákè ni, òun á tì í padà, òun á rán an, wọ́n á lọ sílé lọ́jọ́ kan náà.

ÌDÁHÙN: Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Omi inú yẹn ló ń ti ìdodo síta. Nínú èèyàn márùn-ún tó bá ní omi inú láti ara ẹ̀dọ̀, ó lè tó ẹnì kan tí ìdodo ẹ̀ máa yọ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá rán an tí omi ṣì wà nínú, omi yẹn á tún máa tì í, á já okùn, á máa jò láti ojú ọgbẹ́, kòkòrò á gba ibẹ̀ wọlé, ẹ̀dọ̀ tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò ní lè gbé e.

Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá jà. Iyọ̀ àti máàgì gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ gan-an nínú ọbẹ̀ wọn, mo mọ̀ pé ìkọ́kọrẹ́ láìsí iyọ̀ ò dùn, àmọ́ ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Oògùn tó ń lé omi jáde wà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa á jẹ. Tí wọ́n bá tún fẹ́ fa omi, ẹ dúró tì wọ́n, ẹ máa ka iye lítà tó ń bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Omi náà máa ń rí bíi tíì tí wọ́n fi omi là púpọ̀, ó máa ń mọ́ gaara, tó bá ti ń rú bí omi ẹ̀kọ, ẹ béèrè kí ló dé, torí kòkòrò lè ti wà nínú ẹ̀. Tó bá ti ju lítà 5 lọ, ó yẹ kí wọ́n fa albumin sí wọn lára láti inú ìgò, nǹkan bí gíráàmù 8 fún lítà kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìfúnpá á já wálẹ̀, kíndìnrín lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó wọ́n, mo mọ̀, àmọ́ ẹ béèrè ẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n máa lo àwọn oògùn ara ríro bí ibuprofen tàbí diclofenac.

Tí omi bá ti dín kù dáadáa, tí ẹ̀dọ̀ sì wà nípò tó bójú mu, àwọn dókítà lè wá rán ìdodo yẹn ní ọsibítù ńlá, ọjọ́ tí wọ́n mú fúnra wọn, tí gbogbo nǹkan wà ní sẹpẹ́. OOUTH, ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣàgámù, ò jìnnà sí yín níbẹ̀ yẹn. Àfi tí awọ ìdodo bá ń dán tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń kán omi, tàbí tó le tó ń dùn wọ́n tí wọ́n ń bì, tàbí tó dúdú, ìgbà yẹn ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ẹ gbé wọn sáré. Ohun kan náà ni tí wọ́n bá bi ẹ̀jẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún mi ní Íńdíà, ó ti pé ọdún méjì àtààbọ̀. Àbúrò mi obìnrin ló fún mi. Ara mi ti dá ṣáṣá, mo bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ mi jáde ní Ojúde Ọba, mo jó nínú oòrùn. Oògùn tí wọ́n ní kí n máa lò sì wọ́n, ẹnì kan wá ní àgbo kan wà tó ń fọ ẹ̀dọ̀. Ṣé mo lè máa lo oògùn náà lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ dípò ẹ̀ẹ̀mejì kí n fi àgbo gbè é lẹ́sẹ̀? Ìjẹ̀bú-Òde.

ÌDÁHÙN: Rárá, ọmọ mi. Inú mi dùn pé o jó, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ ẹ́.

Ara ẹ ò gbàgbé pé ẹ̀dọ̀ yẹn kì í ṣe tiẹ̀. Tacrolimus, oògùn tó ò ń lò yẹn, ló ń fi ọwọ́ bo ara lójú. Lọ́jọ́ tó o bá dín in kù, kò sí nǹkan tó máa dùn ẹ́, ẹ̀dọ̀ kì í sábà ké, ara á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, inú tẹ́ẹ̀sì ló ti máa kọ́kọ́ hàn, tó bá fi máa hàn lójú ẹ nǹkan ti bàjẹ́ jìnnà. Tó bá jẹ́ pé hẹpatáítìsì B ló ba ti àkọ́kọ́ jẹ́, oògùn ìyẹn náà ò gbọ́dọ̀ dúró, torí kòkòrò náà ń dúró de ẹ̀dọ̀ tuntun.

Ọ̀rọ̀ àgbo: mi ò bá àwọn tó ń ta àgbo jà, ìyá ìyá mi tà á. Àmọ́ ohunkóhun tó bá máa wọ inú ẹ, ẹ̀dọ̀ yìí ló máa gbà á, a ò sì mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn, bẹ́ẹ̀ nǹkan kékeré ló ń yí agbára tacrolimus padà. Èso gírépù lásán ń gbé e sókè jù. Erythromycin àti oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ara yíyún bíi fluconazole ń gbé e sókè, rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ ń fà á wálẹ̀. Tó o bá dé kẹ́míìsì, ohun tó o máa kọ́kọ́ sọ kó o tó sọ ohun tó ń ṣe ẹ́ ni pé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún ẹ. Lọ́jọ́ tó o bá sì fẹ́ ṣe àyẹ̀wò iye oògùn inú ẹ̀jẹ̀, má lo ti àárọ̀ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ nọ́ńbà yẹn á tàn wọ́n jẹ.

Ti owó, sọ òótọ́ fún dókítà ẹ. Irú ẹ̀ tó dínwó wà, dókítà ló lè gbé ẹ sórí ẹ̀ kó sì máa fi tẹ́ẹ̀sì ṣọ́ ọ. Dín in kù fúnra ẹ, o ò ní ṣe é. Lára ẹ̀dọ̀ àbúrò ẹ lò ń gbé kiri yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ìlíṣàn ni mo wà. Wọ́n rí nǹkan sẹ̀ǹtímítà 8 nínú ẹ̀dọ̀ mi, a ti ń sunkún jẹjẹrẹ, wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ fa omi dúdú kan jáde, wọ́n ní eéwo ni. Sìkáànù oṣù kejì ṣì ń fi ojú ihò hàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ dúpẹ́, sà. Kòkòrò amoeba tó ń gba inú omi tàbí oúnjẹ tí kò mọ́ wọlé ló sábà máa ń fa irú ẹ̀, ọyún ẹ̀ máa ń rí bíi kòkó tí wọ́n pò gan-an. Flagyl ló ń pa á. Oògùn kejì tún wà tó ń pa èyí tó sá pamọ́ sínú ìfun, ẹ béèrè bóyá wọ́n fún yín, torí ibẹ̀ ló ti ń padà wá. Ihò yẹn lè pẹ́ tó oṣù mẹ́fà àti jù bẹ́ẹ̀ kó tó dí, tí ibà àti ìrora bá ti lọ, ẹ fọkàn balẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Oyún oṣù mẹ́fà ni mo wà, wọ́n ní mo ní hẹpatáítìsì B. Ọkọ mi ò tíì mọ̀. Ṣé ọmọ mi ti kó o nìyẹn? Òde Rẹ́mọ.

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe dáadáa kó má tíì kó o, ọmọ mi, ìgbà ìbí gan-an ló léwu jù. Ní kí wọ́n yẹ iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ẹ wò báyìí, tó bá pọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ tenofovir fún ẹ láti ọ̀sẹ̀ 28. Sọ fún ọkọ ẹ, kó lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, tí kò bá ní, kó gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta tiẹ̀. O lè fún ọmọ lọ́yàn.

Ọmọ tó bá kó o nígbà ìbí, nínú 100 wọn bí 90 ló máa gbé e títí ayé. Abẹ́rẹ́ tó ń dí i lọ́nà ti wà nínú àwọn abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ ọmọ tuntun nílẹ̀ wa láti 2004, láàárín wákàtí 24 tí o bá bí i ló gbọ́dọ̀ gba ti àkọ́kọ́, ìyókù ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ibi tó o ti fẹ́ bímọ ni kó o lọ báyìí, kí ikùn tó sọ̀ kalẹ̀, kó o béèrè bóyá abẹ́rẹ́ yẹn wà nínú fíríìjì wọn lópin ọ̀sẹ̀. Tí wọ́n bá ní kó o máa bọ̀ ní Mọ́ńdè, wá ibòmíì, torí o lè bí lálẹ́ Fúráídè.